Àjọbí àti àjọgbé: àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n lé kúrò nílé, tí wọ́n di ẹbí ara wọn ní Jàmáíkà

Tí a bá ń sọ ìtàn àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lọ sí òkè òkun, Bàhíà àti Kúbà ni ẹnu wa máa ń kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. A kì í sábà dárúkọ Jàmáíkà. Ìtàn ibẹ̀ la gbé wá lónìí. Inú ọkọ̀ ẹrú ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì wọ inú kòtò àgbàrá kan ní àárín ìlú Kingston, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ tí òbí wọn lé jáde ti ń sùn. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ náà le létí ọ̀pọ̀ nínú yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dópin.

ÀWỌN NAGO JÀMÁÍKÀ

Ní 1807 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú lórí òkun. Láàárín 1834 sí 1838 ni wọ́n tú àwọn ẹrú Jàmáíkà sílẹ̀. Kí ó tó di ìgbà náà, ọkọ̀ ti kó àwọn kan láti etí òkun tiwa lọ sí erékùṣù yẹn. Lẹ́yìn rẹ̀, láàárín 1841 sí 1867, nǹkan bí 10,000 ọmọ Áfíríkà mìíràn tún dé. Wọn kò dé bí ẹrú. Ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ló gbà wọ́n lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú, tí wọ́n kó wọn lọ sí Sàró àti erékùṣù St Helena. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti kó wọn lọ ṣiṣẹ́ oko ní Jàmáíkà. Àwọn ọmọ Yorùbá wà láàárín wọn, nítorí ìgbà náà gan-an ni ogun ń jà káàkiri ilẹ̀ wa lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì náà sì ń kó àwọn ìletò Ànàgó.

Ipa ẹsẹ̀ wọn kò tíì parẹ́. Ní agbègbè Westmoreland, abúlé kan wà tó ń jẹ́ Abeokuta títí dòní. Ní Hanover tó bá a pààlà, àwọn ìdílé kan wà tí wọ́n ń pe ara wọn ní Nago. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Àjàṣẹ́ àti Pọ́bẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ orúkọ yẹn fún yín. Wọ́n ní ayẹyẹ kan tí wọ́n ń pè ní Etu, tí wọ́n fi ń rántí àwọn òkú wọn. Wọ́n á lù, wọ́n á jó, wọ́n á sì se oúnjẹ fún àwọn tó ti lọ.

ỌMỌ ỌKỌ̀ KAN NÁÀ

Àwọn tí wọ́n kó sínú ọkọ̀ ẹrú kò mọ ara wọn rí. Ọ̀kan lè ti Kétu wá, kí èkejì ti ilẹ̀ Ìgbò wá, kí ẹ̀kẹta jẹ́ ará Àkán. Ìyá wà lẹ́yìn, bàbá wà lẹ́yìn, kò sì sí ẹni tó mọ oríkì ẹnikẹ́ni. Àwọn tí wọn kò kú sójú omi sọ̀kalẹ̀ sí ilẹ̀ àjèjì, wọ́n sì tà wọ́n.

Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ló yẹ ká fi sọ́kàn. Àwọn tó jọ wọ ọkọ̀ kan náà di ẹbí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ara wọn ní Jàmáíkà ni “shipmate”. A lè pè é ní ọmọ ọkọ̀ kan náà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Àwọn òyìnbó tó gbé ibẹ̀ láyé ìgbà náà ṣàkíyèsí rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ ẹnì kan di ọmọ gbogbo wọn. Àwọn ọmọ ń pe ẹni tó bá bàbá tàbí ìyá wọn wọ ọkọ̀ ní orúkọ tí à ń pe ẹ̀gbọ́n àti àbúrò òbí ẹni. Wọ́n tilẹ̀ ka ìbálòpọ̀ láàárín ọmọ ọkọ̀ kan náà sí èèwọ̀, bí ẹni pé ìyá kan náà ló bí wọn. Kì í sì í ṣe Jàmáíkà nìkan. Ní Bràsíl wọ́n ń pè é ní malungo, ní Suriname sippi, ní Haiti batiment. Ìlú yàtọ̀ síra, èdè yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni gbogbo wọn dá sílẹ̀.

Àwọn àgbà wa ní ọ̀rọ̀ méjì fún irú nǹkan báyìí: àjọbí àti àjọgbé. Ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣe àjọbí, orùlé ló ń ṣe àjọgbé. Ní ìlú wa, àjọbí la fi ń búra, tí a sì ń fojú kékeré wo àjọgbé. Ṣùgbọ́n àwọn tó dé Jàmáíkà kò ní àjọbí mọ́, òkun ti gbà á lọ́wọ́ wọn. Àjọgbé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ayé. Ọmọ Jàmáíkà tí baba ńlá rẹ̀ wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn àjèjì tó gbà láti máa pe ara wọn ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ló tọ́ ọ dàgbà.

ÒFIN TÓ TI LỌ́ŃDỌ̀NÙ WÁ

Nǹkan mìíràn tún bá ọkọ̀ dé erékùṣù náà: ìwé òfin. Ní 1533, nígbà ọba Henry Kẹjọ, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin pé ọkùnrin tó bá bá ọkùnrin lòpọ̀, pípa ni kí wọ́n pa á. Ní 1861 ni wọ́n yí ìdájọ́ ikú padà sí ẹ̀wọ̀n. Ní 1864, wọ́n gbé irú òfin náà kalẹ̀ ní Jàmáíkà. Ẹsẹ̀ kẹrìndínlọ́gọ́rin ìwé òfin yẹn sọ pé ẹni tó bá jẹ̀bi lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún 10 pẹ̀lú iṣẹ́ líle.

Jàmáíkà gba òmìnira ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1962. Ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn ìyẹn, ní 1967, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mú òfin tirẹ̀ kúrò. Jàmáíkà kò mú u kúrò. Nígbà tí wọ́n kọ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn tuntun sínú ìwé òfin ìpìlẹ̀ ní 2011, wọ́n fi gbólóhùn kan sí i tó dáàbò bo àwọn òfin àtijọ́ lórí ìbálòpọ̀. Ẹ wo bí ayé ṣe rí: ohun tí amúnisìn gbé wá, tí amúnisìn sì ti jù nù nílé tirẹ̀, ló wá di ohun tí àwọn kan ń pè ní àṣà wa.

Àwọn tí òfin náà rán lọ sẹ́wọ̀n kò pọ̀. Ibòmíràn ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń sọ fún onílé pé ó lè lé ayálégbé jáde. Ó ń sọ fún ọlọ́pàá pé ẹni tó wá fẹjọ́ sùn yìí, ọ̀daràn lòun náà. Ó ń sọ fún bàbá pé kò sí ẹni tó máa bi í léèrè ibi tí ọmọ rẹ̀ wà. Ìwàásù àti orin sì tún ń kún un. Orin “Boom Bye Bye” tí Buju Banton gbé jáde, èyí tí ayé mọ̀ ní 1992, ọ̀rọ̀ yíyin ìbọn fún irú àwọn ènìyàn yìí ló wà nínú rẹ̀. Ní 2019 ni olórin náà fúnra rẹ̀ yọ ọ́ kúrò lára orin tó ń kọ.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1998, àwọn kan dá ẹgbẹ́ J-FLAG sílẹ̀ ní Kingston láti máa gbèjà àwọn tí wọ́n ń fìyà jẹ. Brian Williamson wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, ó sì wà lára àwọn díẹ̀ tó gbà kí wọ́n rí ojú òun ní gbangba. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹfà ọdún 2004, wọ́n pa á nínú ilé rẹ̀. Òṣìṣẹ́ Human Rights Watch kan dé ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, ó sì bá èrò níwájú ilé náà tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń yọ̀.

DWAYNE JONES

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí Dwayne Jones ń dàgbà ní Montego Bay. Ọkùnrin ni wọ́n bí i, ṣùgbọ́n bí obìnrin ló ṣe ń ṣe, ijó jíjó sì jẹ́ ayọ̀ rẹ̀. Èdè wa ràn wá lọ́wọ́ níbí, nítorí “ó” kan ṣoṣo la ní, kì í bèèrè bóyá akọ ni tàbí abo. Ní ọmọ ọdún 14, bàbá rẹ̀ lé e jáde. Àwọn ọ̀rẹ́ tó jù ú lọ gbà á. Ilé àkọ̀sílẹ̀ kan lórí òkè lẹ́yìn ìlú ni wọ́n ń gbé, níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ àti ibùsùn. Òun ni àbúrò gbogbo wọn.

Ní alẹ́ ọjọ́ 21 mọ́jú ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2013, Dwayne wọ aṣọ obìnrin, òun àti ọ̀rẹ́ méjì nínú àwọn tí wọ́n jọ ń gbé sì lọ sí òde ijó kan ní Irwin. Ó jó, inú rẹ̀ sì dùn. Ọmọbìnrin kan tó ti mọ̀ ọ́n rí sọ fún àwọn mìíràn pé ọkùnrin ni. Àwọn ọkùnrin yí i ká. Wọ́n lù ú, wọ́n gún un lọ́bẹ, wọ́n yìnbọn lù ú, wọ́n fi mọ́tò gùn ún. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì sá lọ fẹ́mìí wọn. Ọmọ ọdún 16 ni.

Mark Golding, tó jẹ́ mínísítà ètò ìdájọ́ nígbà náà, bu ẹnu àtẹ́ lu ìpànìyàn náà, ó sì ní kí ọlọ́pàá wá àwọn tó ṣe é rí. Èrò pọ̀ ní òde ijó náà. Kò sí ẹni tí ilé ẹjọ́ tíì dá lẹ́bi.

Nígbà tí àwọn oníròyìn wá bèèrè irú ẹni tí Dwayne jẹ́, àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ilé àkọ̀sílẹ̀ yẹn ló dáhùn. Àwọn ló mọ ijó tó fẹ́ràn. Àwọn ló mọ ohun tó fẹ́ dà lọ́la.

KÒTÒ ÀÁRÍN ÌLÚ

Ní Kingston, olú ìlú, àwọn tó jọ Dwayne pọ̀ ju ẹyọ kan lọ. New Kingston ni àdúgbò àwọn bánkì àti àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ńlá. Àwọn kòtò gbòòrò tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe gba ibẹ̀ kọjá, kí omi òjò lè máa ṣàn lọ sínú òkun. Àwọn ará Jàmáíkà ń pè é ní gully. Ní nǹkan bí ọdún 2013 àti 2014, inú ọ̀kan nínú àwọn kòtò yìí ni àwọn ọ̀dọ́ tí ilé lé ń gbé. Àwọn kan jẹ́ ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, àwọn mìíràn jẹ́ ẹni tí wọ́n bí ní ọkùnrin tó mọ ara rẹ̀ sí obìnrin. Kí wọ́n tó dé ibẹ̀, wọ́n ti gbé nínú àwọn ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbé mọ́, wọ́n sì ti lé wọn kúrò níbẹ̀.

Ayé inú kòtò kì í ṣe ayé ẹ̀rọ̀. Bí òjò bá ṣú, wọ́n ní láti kó ẹrù wọn gòkè kí àgbàrá tó dé. Wọ́n sọ fún àwọn tó wá bá wọn pé ọlọ́pàá a máa wá lé wọn, a sì máa dáná sun ẹrù wọn. Àwọn ọkùnrin àdúgbò a máa sọ òkúta lù wọ́n láti òkè. Púpọ̀ nínú wọn ń ta ara wọn lálẹ́ kí wọ́n lè jẹun. Àwọn kan jalè, àwọn oníṣòwò àdúgbò sì ń pariwo, ariwo náà kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ta ló máa gba ọmọ ọdún 15 síṣẹ́, tí kò ní àdírẹ́sì, tí kò parí ilé ìwé, tí wọ́n á sì dá mọ̀ láti bó ṣe ń rìn?

Nínú kòtò yẹn náà ni ẹbí ti ṣẹ̀. Ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀ ń ṣe ìyá fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Wọ́n ń pe ara wọn ní arábìnrin. Ẹni tó bá rí oúnjẹ mú un wá sórí iná tí gbogbo wọn ń dá. Wọ́n máa ń rìn pọ̀ ní òru, nítorí ẹni tó bá dá rìn lè má padà. Bí ara ẹnì kan kò bá yá, àwọn ló ń tọ́jú rẹ̀. Wọ́n ń di irun ara wọn, wọ́n ń yá ara wọn láṣọ, wọ́n sì ń fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀ bí a ṣe ń ṣe nílé tó kún fún ọmọ. Wọ́n ń jà pẹ̀lú o, wọ́n sì ń ja ara wọn lólè nígbà mìíràn. Ẹbí wo ni kì í jà?

Àwọn àgbàlagbà kan ní ìlú náà kò gbé ojú kúrò lára wọn. Yvonne McCalla Sobers, obìnrin tí wọ́n mọ̀ fún ìjà ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn, kó àwọn ẹlòmíràn jọ láti dá Dwayne's House sílẹ̀. Orúkọ ọmọ tí wọ́n pa ní Irwin ni wọ́n fi sọ ọ́. Wọ́n ń gbé oúnjẹ lọ fún àwọn ọ̀dọ́ náà, wọ́n ń wá ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ fún wọn, èrò wọn sì ni láti kọ́ ilé tí wọ́n lè máa sùn. J-FLAG náà ń ṣe tiwọn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2015, fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n ṣe ayẹyẹ gbangba fún irú àwọn ènìyàn yìí ní Kingston, olórí ìlú náà, Angela Brown Burke, sì dúró tì wọ́n.

Òfin ńkọ́? Ní 2021, ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà méjèèjì gbé ìpinnu jáde lórí ẹjọ́ tí Gareth Henry àti Simone Edwards pè, ó sì ní kí Jàmáíkà mú òfin náà kúrò. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, ilé ẹjọ́ gíga Jàmáíkà dá ẹjọ́ tí agbẹjọ́rò Maurice Tomlinson pè lórí òfin kan náà nù. Gbólóhùn ọdún 2011 yẹn ni wọ́n fi dì í mú. Òfin 1864 ṣì wà níbẹ̀.

KÍ LÓ KÀN WÁ?

Ẹnì kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ Jàmáíkà ni, kò kàn wá. Ẹ jẹ́ ká wo ilé tiwa. Ní Tógò, ìwé òfin ọ̀daràn ti 1980 àti ti 2015 fi ẹ̀wọ̀n sí irú ìbálòpọ̀ yìí. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2014 lè rán ẹni tó bá ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n ọdún 14. Ní Bẹ̀nẹ̀, kò sí òfin tó fi ẹ̀wọ̀n sí i láàárín àgbàlagbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin nìkan ló ń lé ọmọ jáde nílé. A mọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ ládùúgbò: ọmọ lágbájá ti lọ sí Kùtọnu, wọn kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ nílé mọ́. Ibo ló ń sùn ní Kùtọnu? Ta ló ń fún un lóúnjẹ?

Àwọn àgbà wa sọ pé bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, òsì la fi ń fà á mọ́ra. Wọn kò sọ pé kí ọwọ́ méjèèjì lù ú. Ẹ lè má fara mọ́ ìgbé ayé àwọn ọ̀dọ́ tí a sọ ìtàn wọn yìí, a kò sì kọ èyí láti bá yín jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tí ìtàn fi hàn ni pé ìbáwí yàtọ̀ sí lílé. Ẹni tí ilé bá wí ṣì ní ilé. Ẹni tí ilé lé, ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó bá kọ́kọ́ rí i ló bọ́ sí, ó sì lè jẹ́ ọwọ́ àwọn ará Irwin.

Àwọn kan á ní irú ẹbí tó wà nínú kòtò Kingston kì í ṣe ẹbí, pé ọ̀rọ̀ ìyá àti arábìnrin tí wọ́n ń lò kò ní gbòǹgbò. Ẹ rántí àwọn ọmọ ọkọ̀ kan náà. Àwọn náà kò ní gbòǹgbò níbi tí wọ́n dé. Ẹni tí wọ́n pè ní ẹ̀gbọ́n, èdè tirẹ̀ yàtọ̀, ìlú tirẹ̀ yàtọ̀. Kò sí ẹni tó ń pe ẹbí wọn ní ayédèrú lónìí. Àwọn Nago Hanover, tí a fi ń yangàn pé ẹ̀jẹ̀ wa ni, irú ẹbí bẹ́ẹ̀ ló gbà wọ́n là. Bó ṣe rí nínú ọkọ̀ ni ó rí nínú kòtò: wọ́n já okùn ẹ̀jẹ̀ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ so òmíràn.

Ìyàtọ̀ kan péré ló wà, òun ló sì dùn wá jù. Àwọn tó wọ ọkọ̀, ọ̀tá àti oníṣòwò ló já tiwọn. Àwọn tó wọ kòtò, bàbá àti ìyá wọn ló já tiwọn.